Awọ Tony àti Imú Sàídátù

Bí ènìyàn bá fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ wọ yàrá Sàídátù. Ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Obìnrin náà á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á na imú síta bí ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn èèpo iṣu, á mí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. "Padà sẹ́yìn. Lọ fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ kí o tó wá." Ní Utako, níbi tí òórùn ẹja, epo mọ́tò àti ẹran sísun ti ń bá ara wọn jà láti àárọ̀ dalẹ́, Sàídátù lè wà ní òkè àtẹ̀gùn kó mọ ẹni tó fi ìpara pa orí nísàlẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbóòórùn irọ́ lára ọ̀gá kan rí kí ọ̀gá náà tó la ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó dé Utako, kó lọ bi wọ́n léèrè.

Ọmọ Ìlọrin ni, ọmọ Pàkátà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti tẹ̀lé ọkọ wá sí Àbújá. Ọkọ ń ta ike àti àwo lọ́jà Utako, ìyàwó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin fún àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ní Dutse Alhaji. Ẹ̀rọ wo? Firíìjì tó ti kú ni o. Sàídátù so gílóòbù sí i nínú, ó gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹyin kọ̀ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Àwọn tó kàwé nípa adìyẹ wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Nígbà tí ẹyin mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún pamọ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rín gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́dún kan ló wá lọ kun inú firíìjì náà ní ọ̀dà funfun, kó lè dára lójú oníbàárà. Ọ̀dà gbẹ, ó ń dán yinrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹyin kan ṣoṣo kò pamọ. Ó fọ́ wọn wò, ọmọ inú wọn ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀. Sàídátù jókòó ti àwọn èèpo náà lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ohun tó pa wọ́n. Ohun tí kò ní ẹnu tó lè fi ké, òórùn ni ọ̀tá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀tá náà wọlé, nítorí ẹwà.

Nígbà tí àrùn adìyẹ gbá oko àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ó lọ gba iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní Ilé Awọ Ọ̀tun, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Utako níbi tí wọ́n ti ń tún awọ àwọn tí iná jó ṣe. Bàbá Láníyì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń ṣe olórí láàbù nígbà náà. Bàbá yìí ló ṣàkíyèsí pé gbálẹ̀gbálẹ̀ tuntun náà kò fi ìsáàlì olóòórùn nu ilẹ̀ yàrá òun rí, omi gbígbóná lásán ló ń lò.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Adìyẹ ni, bàbá."

Bàbá Láníyì wò ó, ó mú ìbọ̀wọ́ méjì jáde nínú páálí, ó nà án sí i. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó mọ iṣẹ́ yẹn mọ́ àfi obìnrin tó ti gbálẹ̀ rí. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ni ọ̀ràn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ á gé awọ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ níbi tí iná kò dé lára aláìsàn. Sàídátù á tú u sí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn hóró kíkíní tí ojú lásán kò lè rí, tí Ọlọ́run fi mọ ara gbogbo wa. Á dà wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ, á bu oúnjẹ lé wọn lórí, omi kan báyìí tó pupa bí sóbò, á sì kó wọn sínú ẹ̀rọ ìsàba tó móoru gẹ́lẹ́ bí inú ènìyàn. Bí wọ́n bá ti jẹun yó, omi náà á di yẹ́lò. Á fà á dànù, á bu tuntun sí i. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ti so mọ́ ara wọn di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo inú àlùbọ́sà, tí wọ́n lè tẹ́ sórí egbò ẹni tó ni ín. Ẹ fọkàn sí i: ẹni tó ni ín. Awọ ẹlòmíràn, ara á kọ̀ ọ́.

Àwo mẹ́rìndínlógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Tony ló ni gbogbo wọn.

Tony jẹ́ wẹ́dà ní Dutse Alhaji, ọmọ Mọ̀pà. Gáàsì ló gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá ọ̀tún jó láti èjìká dé ọmọ ìka, iná sì jẹ àyà àti itan méjèèjì débi pé kò sí awọ tó tó gé láti fi lẹ ibòmíràn. Dókítà Ummulkhulthum, obìnrin oníṣẹ́ abẹ ilé náà, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Tí awọ kò bá dé orí ìgbọ̀nwọ́ yẹn kí oṣù tó parí, ẹran ibẹ̀ á fúnra rẹ̀ dì, apá á gan sójú kan, ọwọ́ náà kò ní dé ẹnu mọ́ láéláé. Wọn ò sì lè gé awọ mìíràn láti tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kò tó mọ́.

Àràárọ̀ ni Sàídátù ń yà wò ó ní wọ́ọ̀dù.

"Màmá, àwọn ọmọ mi inú àwo ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹun ju ìwọ lọ. Ká ní baba wọn ń jẹun báyìí ni, à bá ti lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yìí."

"Ṣé wọ́n jọ mí?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ jọ ọ́ ṣe? Àwọn lẹ́wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, àyà ń ta mí." Ó wo apá tí wọ́n fi báńdéèjì dì bí ọmọ tuntun. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yìí nìkan ni mo mọ̀. Tí kò bá lè tẹ̀ mọ́, Màmá, ta ni yóò máa bọ́ mi?"

Sàídátù kì í fi oyin sí ọ̀rọ̀. "Ọjọ́ márùn-ún ló kù," ló wí. "Jẹ ẹyin tí wọ́n gbé síwájú rẹ yẹn."

Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé náà sọ̀kalẹ̀ wá sí láàbù.

Dókítà Bámiṣayọ̀ lorúkọ ọ̀gá. Dókítà ni lóòótọ́, a kò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n dókítà ìpolówó ọjà ni. Òkè òkun ló ti gbà á, ó sì fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀rí náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ sí ọ̀nà ilé ìtọ̀, kí ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n lè kọ́kọ́ kà á. Gbólóhùn kan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ pé "níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́." Bí òjò bá rọ̀, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òjò kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìrẹsì bá jóná, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìrẹsì gan-an ń jóná lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá, kò wojú sẹ́ẹ̀lì kan rí. Àwòrán ara rẹ̀ níbi tó ti wọ ẹ̀wù funfun ló ń wò.

Ó ti ra ẹ̀rọ ìsàba tuntun. Ẹ̀rọ náà ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀ bí ilé ìgbéyàwó, bí ènìyàn bá sì tẹ̀ ẹ́, á sọ̀rọ̀. Ibo ni wọ́n gbé e sí? Nínú láàbù ni bí? Rárá o. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni, níbi tí àlejò ti ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó oníke.

"Màmá, ẹ kó gbogbo àwo Tony sínú ẹ̀rọ tuntun lónìí. Àwọn Àlájì tó ń fowó ran ilé yìí lọ́wọ́ ń bọ̀ wá ṣí i lọ́la, àwọn oníròyìn sì ń bọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yẹn ń rùn."

"Ó ń rùn? Ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá?"

"Òórùn ọ̀rá náà ni, sà. Òórùn gọ́ọ̀mù, òórùn rọ́bà. Ẹ jẹ́ ká tàn án sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó mí gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Ẹ sì jẹ́ ká gbé e kúrò lójú ọ̀nà."

"Níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, Màmá, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé ni wọ́n ń lò ó. Eléyìí kì í ṣe ẹyin adìyẹ."

"Ẹyin adìyẹ ní èèpo tó ń dáàbò bò ó, Ọ̀gá. Eléyìí kò ní."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń fi imú rín. "Tí iṣẹ́ bá ti kọjá agbára yín, ẹ sọ. Àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì kún ìta. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Bí ọ̀gá ti lọ tán, ó kó àwo òfìfo mẹ́rìndínlógún jáde, ó bu omi pupa sínú wọn, omi lásán, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan nínú wọn. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí wọn lára, nítorí Ọlọ́run ń wo ohun tí ọwọ́ ń kọ. Ó kó wọn sọ̀kalẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ iná búlúù, wọ́n sì dára púpọ̀. Àwọn àwo Tony wà níbi tí wọ́n wà, nínú ẹ̀rọ àtijọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ológbò.

Lọ́jọ́ kejì, láago mẹ́wàá àárọ̀, imú rẹ̀ ta á lólobó níbi tó ti ń kí ìrun wálíhà ìyálẹ̀ta. Èéfín. Ó sálámà, ó parí ìrun, ó dìde. Rahmah, ọmọ Ìlọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gba àlejò nísàlẹ̀, tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é ní Ìyá Habeebah, ló ń sun tùràrí. Èédú pupa nínú ìkòkò kékeré, tùràrí olóròóró irú èyí tí wọ́n fi ń kí ìyàwó tuntun káàbọ̀, èéfín rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè fi kọ́ aṣọ. Ọ̀gá ló ní kó sun ún. Ọ̀gá kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ fún un pé àwọn Àlájì fẹ́ràn rẹ̀.

Sàídátù rẹ aṣọ ìnuwọ́ sómi, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn láàbù, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù kó má baà fa èéfín wọlé, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìran.

Ìran náà tó ìran. Àwọn Àlájì mẹ́fà jókòó, babańrígá wọn gba àga méjì-méjì. Ọ̀gá wà lórí ìdúró nínú ẹ̀wù funfun, ó ń ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, ó ń tì í, ó ń ṣí i, kí àwọn oníròyìn lè yàwòrán, èéfín tùràrí sì ń wọlé tọ àwọn àwo lọ bí àlejò tí wọ́n pè. Lẹ́yìn náà ló mú àwo kan, ó gbé e sábẹ́ màkíròsíkóòpù tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri.

Àwọn ohun dúdú kan hàn, wọ́n ń léfòó.

"Ẹ wò wọ́n!" Ọ̀gá ń fi ọ̀pá tọ́ka. "Sẹ́ẹ̀lì Tony rèé, tí wọ́n ń bí sí i lójú yín! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn!"

"Máṣá Ọlọ́hun!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Àlájì kan na ọrùn. "Dókítà, èyí tó tóbi tó dúdú jù yẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá kò tilẹ̀ ronú. "Olórí wọn nìyẹn."

Sàídátù di ẹnu mú. Eérú èédú Rahmah ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n ti fi olórí jẹ nínú eérú, ó ku kí wọ́n wé láwàní fún un.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àlájì tó dàgbà jù nínú wọn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ní òun fẹ́ rí yàrá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyanu yìí. "Kò sí wàhálà, Àlájì!" ni ọ̀gá wí, ó sì ṣẹ́wọ́ sí Rahmah pé kó gbé ìkòkò tùràrí síwájú, kó máa fi òórùn dídùn ṣáájú àwọn àgbà. Gbogbo wọn kọjú sí àtẹ̀gùn.

Ẹni tó bá rí Sàídátù bó ṣe sáré gun òkè lọ́jọ́ náà kò ní gbà pé ìyá arúgbó ni. Kò gun àtẹ̀gùn náà mọ́, ó fò ó ni. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ó ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láàbù, ó na apá méjèèjì.

"Rahmah, dúró níbẹ̀."

"Ìyá Habeebah, Ọ̀gá ló ní kí n…"

"Dúró níbẹ̀, mo ní!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "Màmá wa tó ń bá wa tún yàrá ṣe nìyí. Màmá, ẹ yà lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́."

"Èéfín ò gbọdọ̀ wọ ibí yìí."

"Kò sí nǹkan kan nínú ibẹ̀ mọ́, Màmá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dé orí Sàídátù. Bó bá yà, apá Tony nìyẹn. Bó bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá nìyẹn, níwájú àwọn oníròyìn. Ó wo ìkòkò tùràrí náà, ó rántí òórùn ọ̀dà funfun.

"Wọn ò sí nísàlẹ̀," ló wí.

"Kí lẹ sọ?"

"Ohun tó wà nísàlẹ̀, omi oúnjẹ lásán ni. Èmi ni mo bu ú síbẹ̀. Awọ Tony wà lẹ́yìn mi níbí. Tí ilẹ̀kùn yìí bá ṣí, tí èéfín yìí wọlé, kò ní sí awọ mọ́."

Àlájì onírùngbọ̀n funfun wojú ọ̀gá, ó wojú Sàídátù. "Kai! Ìyá, kí ni àwọn tó ń rìn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà?"

"Eérú èédú ni, Àlájì. Láti inú ìkòkò yẹn."

"Olórí wọn ńkọ́?"

"Eérú tó tóbi díẹ̀ ni."

Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn. Kì í ṣe ikọ́.

Ọ̀gá pọ́n lójú. "Màmá, ẹ gbé báàgì yín. Ẹ máa lọ sílé, báyìí báyìí. Níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́…"

"Ó dára," ni Sàídátù wí. "Mo gbé e. Ẹ kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yin nìkan, láìsí tùràrí. Àwo mẹ́rìndínlógún ti Tony wà nínú ẹ̀rọ, àwo òfìfo méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ fi màkíròsíkóòpù wò wọ́n, kí ẹ mú àwọn òfìfo méjì náà jáde fún Àlájì. Bí ẹ bá mú wọn tọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ó máa bọ́ wọn lọ títí ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yin náà lẹ ó sì bó awọ yẹn kúrò lára àwo láìfa á ya. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

Ó na kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé aago ló mọ èwo ni òfìfo. Kámẹ́rà ń ya ojú rẹ̀ lọ ràì.

"A ó sọ ọ́ ní ọ́fíìsì," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó sì darí àwọn àlejò sídìí oúnjẹ.

Rahmah dúró pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Habeebah, mi ò mọ̀, wàláhì."

"Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí. Tùràrí rẹ dára. Gbé e lọ fún ẹni tó ń gbéyàwó."

Ní ọjọ́ kejì, kúérì jáde, ojú ìwé méjì gbáko, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ gígùn bí ọ̀nà Bwari: kí Sàídátù ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní jẹ ẹ́ níyà fún ìtànjẹ àti àfojúdi sí ẹ̀rọ. Ó fi bírò kọ ìdáhùn sẹ́yìn ìwé náà, gbólóhùn kan péré: "Eérú kì í di awọ." Ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà, ó sì lọ bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún bi í léèrè mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bó awọ náà kúrò lára àwo, Dókítà Ummulkhulthum sì ti sọ fún ọ̀gá pé bí Màmá bá lọ, òun náà á tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó bó wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wà láàárín orí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde pérépéré. Ẹyọ kan ya, ó bú ara rẹ̀ lórí rẹ̀ bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ló fọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ wọn sórí apá Tony, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bò, ìka ọwọ́ tẹ̀lé e, ohun tó kù lọ sí àyà. Ibi tí awọ kò tó dé, egbò ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa fúnra rẹ̀ jinná. Ìka tó kéré jù kò gba awọ rárá, yóò máa gan báyìí títí ayé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tú báńdéèjì ìgbọ̀nwọ́ pátápátá. Ọ̀gá wà níbẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun, òun àti oníkámẹ́rà kan. Awọ náà pupa fẹ́ẹ́, ó ń dán, ó dì mú. Dókítà Ummulkhulthum di ọrùn ọwọ́ Tony mú.

"Tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀."

Ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Òógùn bo iwájú orí Tony. Ọwọ́ ń gòkè, ó ń gòkè, ó dé àgbọ̀n, ó dúró níbẹ̀. Ìka mẹ́ta péré ló kù kó dé ẹnu.

"Ṣé ibẹ̀ ni ẹnu rẹ wà ni?" ni Sàídátù wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tony, àyà rẹ̀ mì, ọwọ́ náà sì gbé ara rẹ̀ kọjá ibi tó há sí, ìka rẹ̀ kan ètè. Ó fi wọ́n síbẹ̀, kò mú wọn kúrò, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ó dára gan-an!" ni ọ̀gá ké. "Tony, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o tún un ṣe, kámẹ́rà kò tíì ṣetán. Kí o kọjú síbi tí mo wà."

Tony bojú wo Sàídátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá," ló wí, "ẹyin àárọ̀ yẹn dà? Ẹ gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ mi."